Jímọ̀ Wo Ni Wọ́n Ń Sọ?

[Fóònù ń dún. Sisilia ń pè láti Nukuʻalofa, olú ìlú. Lupe, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lóbìnrin, gbé e ní erékùṣù Haʻapai.]

SISILIA: Ẹ káàárọ̀ mà, Àǹtí. Ṣé ẹ ti wọkọ̀?

LUPE: Ìyàwó ọ̀la. O sùn dáadáa? Ọkọ rẹ ńkọ́?

SISILIA: Ó wà. Àǹtí, adìẹ ni mò ń gbọ́ yẹn. Nínú ọkọ̀ ojú omi?

LUPE: Ilé ni mo wà. Iṣu ni mò ń bó.

SISILIA: Iṣu kẹ̀? Aago mẹ́wàá lọkọ̀ máa—

LUPE: Kò lọ mọ́. Mo kà á nínú ìròyìn orí fóònù. Ẹ́ńjìnnì bàjẹ́, ọkọ̀ Jímọ̀ yìí ò lọ. Ẹ sún ìgbéyàwó ọ̀la síwájú.

[Ohùn ń já.]

SISILIA: Ṣé ẹ gbọ́ mi? A ti pa ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́sàn-án. Tí ẹ̀gbọ́n bàbá lóbìnrin ò bá jókòó níwájú, ta la máa gbé ẹní ọ̀wọ̀ fún bí àṣà wa? Wọn ò ní so wá pọ̀.

LUPE: Ṣé èmi ni mo ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ni?

SISILIA: Jímọ̀ wo ni wọ́n ń sọ? Ọjọ́ kélòó, oṣù wo?

LUPE: Dúró. [Ó ń wo fóònù.] Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà. Ìpolówó bàtà wà. Wọn ò kọ ọjọ́ kankan.

SISILIA: Àwòrán ńkọ́?

LUPE: Èbúté wa ni. Ọkọ̀ nìyí, òrùlé pupa nìyí—

SISILIA: Òrùlé pupa tí ìjì gbé lọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn?

[Lupe tún wo àwòrán náà.]

LUPE: Háà.

[Fèrè ọkọ̀ dún lọ́ọ̀ọ́kán.]

SISILIA: Fèrè kí nìyẹn?

LUPE: Ó ti ń dún tipẹ́. Mo ní bóyá wọ́n ń dán ẹ́ńjìnnì wò.

SISILIA: Àǹtí, ẹ sáré.

LUPE: Mo ti gbé ẹní tí mo fẹ́ fi ta ọ́ lọ́rẹ. [Ilẹ̀kùn gbá.] Ọ̀rọ̀ kan wà o. Mo ti fi ìròyìn yẹn ránṣẹ́ sáwọn akọrin tá a jọ fẹ́ wọkọ̀.

SISILIA: Akọrin ìgbéyàwó mi?

LUPE: Gbogbo wọn. Wọ́n tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. [Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.] Ṣé o gbọ́ mi?

SISILIA: Mo gbọ́. Viliami ló ń tú okùn ọkọ̀ lónìí. Ọmọ àbúrò yín lòun náà, kò tó bẹ́ẹ̀ kó kọ̀ fún yín.

LUPE: [Ó ti dé èbúté, ó ń kígbe.] Viliami! Má fọwọ́ kan okùn yẹn!

VILIAMI: [Lókèèrè.] Àǹtí, mo ti tú u, mo tún ti so ó, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ ṣófo. Ṣé ìlú ti kú ni?

LUPE: Fọn fèrè sí i, kí akọrin gbọ́. Máa fọn ọ́n lọ. Sisilia, ṣé o gbọ́ mi? Sọ fún wọn kí wọ́n fi iwájú sílẹ̀ fún—

[Fèrè. Ìpè já.]