Tọ́ọ̀ṣì tí Mo Sọ Di Léésà, àti Ojú Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo kí yín. Mo ti dàgbà. Mo ti ka ìwé, mo sì ti fi ìwé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun mi fi funfun. Kò wọ́pọ̀ kí irú mi jókòó láti bẹ àwọn tí n kò mọ̀ rí pé kí wọ́n gbà mí ní ìmọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ẹrù tí ó wà lọ́rùn mi ti wọ̀ mí dé egungun. Bí n kò bá sì sọ ọ́ báyìí, ẹnìkan yóò fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, Ọ̀yọ́ náà ni mo ti ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ṣiṣẹ́ olùkọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀kọ́ fisíìsì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Ráfíù, bí kò tilẹ̀ jẹ́ orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí Sábó. Òun ni ó ń rán aṣọ mi. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni wá, mọ́sálásí kan náà ni a sì ti ń kírun.

Ojú Ráfíù mú. Bí ààwẹ̀ Ràmàdáánì bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ìtúnu ààwẹ̀ bá ń bọ̀, òun ni àdúgbò máa ń tẹ̀ lé lọ sí pápá láti wo oṣù. Bí oòrùn bá ti wọ̀, Ráfíù á na ìka sí ojú ọ̀run. Ẹni tí ó bá rí oṣù náà á jẹ́rìí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí kò rí i á gba ẹ̀rí rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé kì í purọ́.

Ní ọdún kan, mo ṣe ìṣirò mi, mo sì kéde fún àwọn jàmáà pé oṣù kò lè hàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, pé ààwẹ̀ ṣì ku ọ̀kan. Ráfíù ti pápá dé, ó ní òun rí i. Mo bi í lójú gbogbo ènìyàn bóyá ìkùukùu ni ó rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Tíṣà wa, oṣù kì í ka ìwé yín kó tó lé."

Gbogbo mọ́sálásí bú sẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣe ìtúnu. Èmi náà bá wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò kúrò létí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀. Ìgbéraga ni. Mo ronú pé ìka ọwọ́ kì í tọ́ka ojú ọ̀run dáadáa. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń jiyàn pé orí igi wo, ẹ̀gbẹ́ ìkùukùu wo. Bí mo bá ní iná tí ó lè fa ìlà tààrà dé òkè, èmi ni n óò máa fi ibi tí oṣù yẹ kí ó wà hàn wọ́n, wọn yóò sì mọ̀ pé ìwé wúlò.

Mo mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí ó wà nílé. Mo lọ sí àdúgbò Under G, lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń tún kọ̀ǹpútà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, mo sì gba ẹ̀rọ DVD kan tí ó ti bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo yọ gílóòbù tọ́ọ̀ṣì náà, mo sì fi ojú iná léésà inú ẹ̀rọ náà, iná tín-ín-rín tó ń lọ tààrà bí okùn, rọ́pò rẹ̀. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọmọ ẹnikẹ́ni má baà tẹ̀ lé mi. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́, ó jó ihò sára bébà dúdú. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Inú mi dùn.

Ó ku díẹ̀ kí ààwẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e wọlé, mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ráfíù ní ọ̀sán. Mo fẹ́ kí òun ni yóò kọ́kọ́ rí i, kí ó mọ̀ pé mo ti ní èsì fún un. Ó wà lórí maṣíìnì, ó ń ṣe jákàn sí ọrùn agbádá kan. Ó wo ọwọ́ mi, ó ní, "Ṣé tọ́ọ̀ṣì bíńtín yìí lẹ fẹ́ fi wá oṣù? Ẹ rọra o, kó má baà sá fún yín."

Mo ní kí ó wo ògiri. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rí mọ ohun tí ó máa ń wà lára ògiri. Dígí ńlá ni, èyí tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ pé ìmọ́lẹ̀ tí ó bá kan dígí yóò padà, èmi tí mo ń ya àwòrán rẹ̀ sójú pátákó! Ìmọ́lẹ̀ náà kan dígí, ó padà, ó sì wọ ojú ọ̀tún Ráfíù.

Kò pariwo. Kò dùn ún. Ó ní nǹkan kọ yẹ̀rì lójú òun, ó nu ojú, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mo ti pa tọ́ọ̀ṣì náà, mo ti tì í bọ àpò. Mo mọ ohun tí mo ṣe lójú ẹsẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Ráfíù ní bí òun bá fi ojú náà wo ènìyàn, imú àti ẹnu rẹ̀ á wọ inú òkùnkùn, etí nìkan ni òun á máa rí. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà bi í bóyá ó wo iná líle kan tàbí ó tẹjú mọ́ oòrùn. Ráfíù ń ronú lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, níbí ni ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an wà. Mo dáhùn kí ó tó lanu. Mo ní, "Dókítà, òun ni ó máa ń bá wa wo oṣù. Ìdí oòrùn tó ń wọ̀ ni ó máa ń tẹjú mọ́." Dókítà mi orí, ó ní ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ráfíù sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo rántí.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn kan ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tí ó bá bá oṣù ṣọ̀rẹ́ jù, oṣù á bá a pín ojú. Èyí tí ó korò jù ni pé Ráfíù fúnra rẹ̀ jókòó, ó ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Ó ní bí oòrùn bá ti ń ba ojú òun jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, a jẹ́ pé ojú tó bàjẹ́ ni òun fi jẹ́rìí lọ́dún tó kọjá. A jẹ́ pé òun mú gbogbo àdúgbò jẹun ní ọjọ́ ààwẹ̀.

Ó wá dọ̀bálẹ̀ fún mi nílé. Ó ní, "Tíṣà, ẹ sọ ọ́, mo fi yín ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ forí jì mí."

Mo ní mo forí jì í. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: èmi ni mo forí jì í.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń gba ààwẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, ó ń san án padà fún gbogbo àdúgbò. Àlùfáà wa ní Ọlọ́run kì í ka àṣìṣe sí ẹ̀ṣẹ̀. Ráfíù ní, "Àwọn tó ti kú nínú wọn ńkọ́, Àlùfáà? Ta ni yóò bá wọn gba tiwọn?"

Láàárín àkókò yìí, mo tún ìṣirò mi ti ìtúnu yẹn ṣe ní ìkọ̀kọ̀. Èmi ni mo ṣì í. Oṣù lè hàn ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ráfíù rí i, òtítọ́ ni ó sọ. Mo gbé èyí náà mì. Nígbà tí mo sì kó padà sí Ọ̀yọ́, èmi ni àwọn jàmáà Ògbómọ̀ṣọ́ ń pè lórí fóònù kí wọ́n tó kéde oṣù. Nísinsìnyí, wọ́n fẹ́ wé láwàní fún mi. Wọ́n ní ìmọ̀ mi ni ó mú àríyànjiyàn kúrò láàárín àwọn.

Ohun tí ó lé mi dé ọ̀dọ̀ yín ni pé ìyàwó Ráfíù pè mí. Ọgbẹ́ inú ń bá ọkọ rẹ̀ jà, ó ti bi ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní ààwẹ̀ lè pa á, ṣùgbọ́n kò gbọ́. Obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin nìkan ló ń gbọ́ràn sí lẹ́nu."

Mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ì bá dá a dúró. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó mú agbádá kan jáde, ó ní òun fúnra òun ni òun rán an, pé agbádá náà ni n óò wọ̀ lọ́jọ́ láwàní. Ó wọ̀ ọ́ fún mi, ó sì mú mi dé iwájú dígí. Dígí yẹn kan náà ni.

Ó ní, "Ẹ bá mi fi ojú yín wò ó, Tíṣà. Tèmi kò tó nǹkan mọ́. Ṣé ọrùn rẹ̀ gún?"

Jákàn náà wọ́ sí apá kan, bí ìlà tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé fà. Mo ní, "Ó gún."

Agbádá náà wà lórí ibùsùn mi báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní òye jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá sọ ọ́ fún Ráfíù nìkan, mo mọ̀ ọ́n, yóò forí jì mí, yóò sì bá mi bò ó mọ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò ní mọ́ lójú àdúgbò. Bí mo bá sì dìde sọ ọ́ ní mọ́sálásí, ohun tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ yóò wó lulẹ̀ lójú àwọn ọmọ tí mo kọ́. Mo mọ èyí tí ó tọ́. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbé e.

Ẹ má ṣe ṣàánú mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà tètè dá mi lóhùn. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀, Ráfíù yóò sì tún bá mi gba ààwẹ̀ mi.