Ìwé Orin Tí Mo Fò Dá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní ikùn mi. Mò ń sọ ọ́ báyìí torí pé Bùrọ́dá Eli fẹ́ ta oko rẹ̀ lọ́jọ́ Tuesday.

Brampton ní Kánádà ni mò ń gbé, ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ọ̀dọ̀ àwọn Mẹnonáìtì, ìjọ Kristẹni kan tó ń tẹ̀ lé àṣà àtijọ́, ni mo ti ń sìn, ní ìgbèríko lẹ́yìn ìlú Milton. Àwọn yẹn kì í gba pásítọ̀ síṣẹ́ o. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́. Wọ́n á fi bébà pélébé kan sínú ìwé orin kan, wọ́n á tò ó mọ́ òmíràn. Ẹni tó bá mú ìwé tí bébà wà nínú rẹ̀ di òjíṣẹ́ títí ọjọ́ ikú, kò sì ní gba owó oṣù.

Èmi àti Eli, àgbẹ̀ tó ń sin màlúù, ni ìjọ dárúkọ. Wọ́n ní kí èmi kọ́kọ́ mú. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi ìwé tó wà lápá ọ̀tún nígbà tí mo rí etí bébà funfun tó yọ díẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo fò ó dá, mo mú èkejì.

Eli ṣí tirẹ̀, ó bú sẹ́kún. Gbogbo ìjọ ní Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Ẹ gbà mí, èmi náà ṣe àmín!

Láti ìgbà náà, á fún wàrà màlúù tán ní ìdájí, á lọ sìnkú, á lọ bẹ aláìsàn wò. Ní Sátidé tó kọjá, mo bá a tún ọgbà ṣe. Ó ní, "Mi ò lè ṣe méjèèjì mọ́. Ọlọ́run ló yàn mí, nítorí náà màlúù ni yóò lọ." Oko bàbá bàbá rẹ̀ ni o!

Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló ní, "Dádì Tolú, ta ló wá fi etí bébà yẹn hàn yín?"

Ìbéèrè yìí ò jẹ́ kí n gbádùn. Ṣé Ọlọ́run ló ń kìlọ̀ fún mi ni, àbí èmi gan-an ló ń pè?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún Eli kí Tuesday tó dé? Bó bá wá na ìwé orin yẹn sí mi pé, "Gbà, tìẹ nìyí," kí ni kí n ṣe?