Orin Ìkẹyìn Tí Béèsì Ò Fẹnu Kọ

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin olórin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú ara-fẹ́ra-kù. Èmi ni mo ń lu ìlù fún Béèsì, ọ̀rẹ́ mi tó lọ yìí, láti ìgbà tí irun orí àwa méjèèjì ṣì dúdú. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kí ẹkún tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ó pẹ́ tí ọkùnrin yìí ti ń ta gìtá béèsì lẹ́yìn àwọn ẹlòmíì, tí wọ́n ń fi í gbayì. Lọ́jọ́ kan ló ní, "Ọ̀rẹ́, mo fẹ́ ṣe àwo orin tèmi. Orin ijó fọ́ńkì ni, kò ní àbùlà." Mo ní ta ló máa kọ ọ́? Ó ní òun ni. Háà! Mo rẹ́rìn-ín títí. Olóhùn bí ilẹ̀kùn tó ń wá epo! Ẹ máa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà àtijọ́ la sọ di sítúdíò. A gbé mátírẹ́ẹ̀sì ògbólógbòó ti ògiri, a pa fáànù kí máìkì má baà gbọ́ ariwo rẹ̀, òógùn bò wá. Òun ló ta gìtá, òun ló tẹ dùùrù. Ìlù nìkan ló fi sílẹ̀ fún mi, kò sì jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀. Tí mo bá ti fẹ́ ṣe àṣehàn, á ké mọ́ mi: "Má fi ìlù dí i! Ibi tó ṣófo yẹn làwọn èèyàn máa ti jó." Olórí kunkun!

Ó ku orin kan ṣoṣo nígbà tí dókítà rí kókó lọ́nà ọ̀fun ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ abẹ ò gbọdọ̀ pẹ́, ohùn ẹ̀ á sì bá a lọ. Béèsì ní ó dìgbà tóun bá parí àwo. Ìyàwó ẹ̀ tó jókòó yìí ló wá bá wa ní sítúdíò. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, àwo orin ò lè bá mi tọ́mọ." Ó pa máìkì fúnra ẹ̀. Wọ́n jọ lọ sílé ìwòsàn ni.

Láti àná ni mo ti ń gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀ nínú ilé yìí pé obìnrin yìí ló gba orin lẹ́nu ọkọ ẹ̀. Òun náà ti ń gbà á gbọ́. Láàárọ̀ yìí ló bi mí pé ṣé òun ló ba iṣẹ́ ayé ọkọ òun jẹ́. Rárá o! Ẹ gbọ́ mi dáadáa, rárá o!

Nígbà tó ti ilé ìwòsàn dé, tí kò lóhùn mọ́, àwọn tó fẹ́ gbé àwo jáde ní àwọn á wá ọmọkùnrin olóhùn iyọ̀ kan, kó kọ èyí tó kù. Béèsì mirí. Ó fa ìyàwó ẹ̀ wọ sítúdíò, ó fi í jókòó, ó kọjú sí i, ó wá fi gìtá béèsì ẹ̀ ta gbogbo ibi tó yẹ kó fẹnu kọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin èèyàn. Mò ń lu ìlù, omi ń dà lójú mi. Orin tó kẹ́yìn àwo nìyẹn, òun náà lẹ fi ń jó nílé yín!

Lẹ́yìn ìyẹn, ó fa ọmọ ẹ̀ obìnrin fọ́kọ. Ó gbé ọmọ-ọmọ jó. Ta ló fún un láyè yẹn? Ẹni tó bá ti sọ̀rọ̀ sí obìnrin yìí, kó lọ bẹ̀ ẹ́ kílẹ̀ tó ṣú. Ìyàwó wa, gbórí sókè.

Béèsì, ọ̀rẹ́ mi, ó dàárọ̀ o. Ọ̀nà á tutù fún ẹ. Má wẹ̀yìn wò. Ẹni tó o fẹ́ràn jù láyé, ọwọ́ wa lo fi í sí, a ò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pa á lẹ́kún mọ́.