Ẹsẹ̀ Irun Méjì Lóòjọ́

Ẹ bá mi yin Ọlọ́run! Ẹ tún yìn ín! Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin ará, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n yìn ín bó ṣe rẹ̀ mí yìí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, màmá àgbà kan nínú ìjọ wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ìyá Tèmi, má sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí síta o. Ayé ò ṣeé finú hàn." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìkìlọ̀ yẹn gan-an ló mú mi kọ èyí. Ká ní àwọn tó ṣáájú mi dákẹ́, ibo ni ǹ bá wà?

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Tèmi. Ó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba nǹkan lọ́nà tó yàtọ̀ sí tàwa yòókù. Bí òòyà bá kan orí rẹ̀, á ké bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí. Mo ń fi í sílẹ̀, títí irun náà fi lọ́ pọ̀ di ìdì mẹ́ta: ọ̀kan ní ìpàkọ́, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, tísà rẹ̀ pè mí. "Màdáámù, bí irun yìí bá ṣì rí báyìí ní ọ̀sẹ̀ méjì òní, mo gbọ́dọ̀ fi tó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo ọmọdé létí."

Ṣé wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi nítorí irun?

Bàbá Tèmi ní, "Jẹ́ kí n dì í mú, kí o fá a." A gbìyànjú ẹ̀. Ó gé bàbá rẹ̀ jẹ lápá, ó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bàbá rẹ̀ di apá mú, ó ní, "Ilé yín ló ti jogún eyín yìí." Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún.

Nígbà tí a mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà rẹ̀, dókítà ní, "Kì í ṣe àgídí. Ohun tó rọra kàn yín, ó ń dùn ún gan-an." Ó darí wa sọ́dọ̀ àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú tí ọmọ wọn ní ọ́tísíìmù, tí wọ́n ń pàdé ní láíbìrì kan ní Scarborough, lókè òkun níbí tí à ń gbé, lọ́jọ́ Sátidé.

Bọ́ọ̀sì méjì la wọ̀. Tèmi ké débẹ̀. Mo ń tọrọ àforíjì bí mo ṣe ń wọlé, àmọ́ kò sẹ́ni tó tẹjú mọ́ wa. Ọmọ kan ń yí bírí, bàbá rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ọlọ́run ò, ẹ ṣeun!

Auntie Marcia, ará Jamaica, tí ọmọ tiwọn ti dàgbà, wo orí Tèmi láìfọwọ́ kàn án. "Ta ló ní ẹ gbọ́dọ̀ parí ẹ lọ́jọ́ kan?"

"Auntie, nílé wa, a kì í di irun dé àárín ká jáde. Wọ́n á ní orí ẹni ti dàrú."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Ẹ̀ ń kánjú lọ síbo?"

Wọ́n fún Tèmi ní dígí. Wọ́n fi òróró tú irun díẹ̀, wọ́n dì í. Tèmi ń ka ẹsẹ̀ irun náà: "One. Two. Finish, Auntie." Wọ́n dúró. Wọ́n dúró lóòótọ́!

Nílé, mo ń di ẹsẹ̀ méjì lóòjọ́. Ojú ń tì mí, mo fi fìlà bò ó lọ sílé ìwé. Tèmi ṣí fìlà ní kíláàsì. Ẹsẹ̀ mẹ́rìnlá, ọjọ́ méje.

Tísà pè mí. Ó ní, "Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i bí ẹsẹ̀ irun náà ṣe ń pọ̀ sí i. Mo ti mọ̀ pé ẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Mi ò ní pe ẹnikẹ́ni."

Halelúyà! Ọlọ́run kò mú ọ́tísíìmù kúrò, n kò sì bèèrè ìyẹn mọ́. Ọmọ mi ni mo tọrọ. Ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Ìwọ òbí tó ń tìlẹ̀kùn mọ́rí nítorí irú ọmọ yìí, mo mọ bó ṣe rẹ̀ ọ́. Ṣí i. A pọ̀.

Ẹni tó bá mọ irun dì, tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, tó sì lè dúró nígbà tí ọmọ bá ní ó tó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa ní láíbìrì náà lọ́jọ́ Sátidé. Auntie Marcia nìkan ò lè dá a ṣe. Ọmọ mọ́kànlá ló ń dúró.