Géètì Tí Ọkọ Mi Ń Ṣọ́

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ohun tí ojú mi rí ni mo dìde láti sọ. Mi ò fi kún un, mi ò sì yọ nínú rẹ̀. Bí ohùn mi bá lọ sílẹ̀ jù, ẹ fara dà á fún mi. Láti ìgbà tí mo ti jí lójú àlá náà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jáde.

Ẹ mọ̀ pé opó ni mí. Sójà ni Bàbá Bọ̀sẹ̀, ọkọ mi. Ó wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn láti lọ pẹ̀tù síjà níbi tí ogun wà. Ó padà wálé láàyè, kò sọ nǹkan kan fún mi nípa ibẹ̀, àìsàn ló sì pa á nígbà tó yá. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gbààwẹ̀, mo bẹ Ọlọ́run kó fi ibi tí ọkọ mi wà hàn mí. Ọ̀sán gangan ni, mo wà lórí eékún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mi ò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.

Obìnrin kan tó wọ funfun ló dúró tì mí. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì fajú ro. Ó ní, "Dìde, ìwọ tí o béèrè." Mo tẹ̀lé e, ó di amọ̀nà mi.

Ibi tí a kọ́kọ́ dé gbóná, bẹ́ẹ̀ mi ò rí iná. Àwọn ọkùnrin tó wọ agbádá àtàwọn tó wọ kóòtù ń ru àpótí ìbọn, àwọn àpótí náà sì pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ. Wọ́n á gbé ọ̀kan lọ sápá ọ̀tún, wọ́n á tún sáré gbé òmíràn lọ sápá òsì. Amọ̀nà mi ní, "Àwọn méjèèjì tó ń bára wọn jà ni wọ́n ń tà á fún." Awọ orí wọn ń bó. Mo ń wò wọ́n bí ẹni ń wo òjò láti ojú fèrèsé.

Ẹnì kan jókòó níwájú ẹ̀rọ rédíò, ahọ́n rẹ̀ ti jó dúdú, síbẹ̀ kò lè dákẹ́. "Ogun ti parí, ẹ máa bọ̀ nílé. Ogun ti parí." Amọ̀nà ní, "Ó mọ̀ pé kò tíì parí. Àwọn tó gbà á gbọ́ jáde nínú igbó, àwọn ọ̀tá sì pa wọ́n sójú ọ̀nà."

A tún rí awakọ̀ òfurufú kan tó ń wú òkú lábẹ́ àwókù ilé. Bó ṣe ń gbé ọ̀kan síta ni òmíràn ń yọjú. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ibùdó ọ̀tá ni wọ́n pè é fún mi." Amọ̀nà ní, "Wọ́n rán an láti gba àwọn ará ìlú là. Àwọn tó pa pọ̀ ju àwọn tó gbà là lọ."

Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn tutù. Ilẹ̀ ń rùn bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àwọn arúgbó jókòó sábẹ́ igi, obìnrin kan ń di irun funfun ẹnì kejì rẹ̀. Láàárín wọn, mo rí àwọn sójà tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi.

Mo bi amọ̀nà mi pé, "Kí ló dé tí àwọn sójà yìí fi kéré tó báyìí?"

"Wọ́n dúró lórí afárá, wọn ò jẹ́ kí àwọn apànìyàn wọ ìlú. Ibẹ̀ ni wọ́n kú sí. Àwọn ará ìlú náà sì dàgbà, wọ́n darúgbó kí wọ́n tó wá bá wọn níbí."

Ìyá arúgbó kan sún fún mi. "Jókòó, ọmọ mi, ó ti rẹ̀ ọ́." Mi ò jókòó. Mo ń wo ojú àwọn sójà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ò sí níbẹ̀. Amọ̀nà mi di ọwọ́ mi mú.

A sọ̀ kalẹ̀, òkùnkùn ṣú, ariwo bò mí, ọwọ́ ló ń lu irin, ọwọ́ ọmọdé, ọwọ́ àgbà, wọ́n ń kígbe pé ẹ ṣí i, ẹ ṣí i, wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ti dé ẹ̀yìn wa, ìbọn ń dún, igbe kan á já, òmíràn á bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ á tún máa lu irin, kò dáwọ́ dúró, kò dáwọ́ dúró.

Bàbá Bọ̀sẹ̀ ló dúró nídìí géètì náà, nínú aṣọ kákí, fìlà búlúù lórí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti jó ẹran ọwọ́ náà dé eegun.

"Ìyá Bọ̀sẹ̀, ìwọ ni?"

"Èmi ni. Kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mò ń ṣọ́ géètì."

"Èèyàn ló ń kànkùn yẹn. Ẹ ṣí i fún wọn."

Ó wo kọ́kọ́rọ́, ó wò mí. "Àṣẹ ò tíì dé."

Amọ̀nà mi ní, "Àgọ́ àwọn tó wá pẹ̀tù síjà nìyí. Àwọn ará ìlú sá wá síbẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní kó má ṣí i, ó sì gbọ́ tiwọn."

"Àwọn ọ̀gá náà dà?"

"Ìsàlẹ̀ tiwọn jìn ju èyí lọ."

Mo na ọwọ́ láti gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ọkọ mi fà á sẹ́yìn. Ó ní, "Má fọwọ́ kàn án, yóò jó ọ." Mo bá jí.

Oòrùn ṣì wà lára ògiri. Mi ò sunkún. Mo dìde, mo fọ abọ́, mo gbálẹ̀. Títí di òní, omi ò tíì jáde lójú mi.

Mo mọ̀ pé ìjọ ń gbèrò láti ṣe ìrántí rẹ̀, kí ẹ sì pè é ní akọni. Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi tọrọ àánú fún un.

Ṣeun, ọmọ Mọ́mì Dékìn, dìde kí n rí ọ. Wọ́n ní o wà lára àwọn sójà tí wọ́n fẹ́ kó lọ pẹ̀tù síjà nílẹ̀ òkèèrè. Bí àwọn èèyàn bá sá tọ̀ ọ́ wá, tí àwọn ọ̀gá rẹ sì ní kí o tìlẹ̀kùn mọ́ wọn, ṣí i. Wọ́n lè bọ́ aṣọ sójà lára rẹ, wọ́n lè tì ọ́ mọ́lé. Ṣí i. Má dúró de àṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ṣé o gbọ́ mi? Má kàn mirí. Fi ẹnu rẹ dá mi lóhùn.