Àwọn Tí Mo Lé, Roland Ló Gbà Wọ́n

Ẹ̀yin èèyàn ìlú Duluth, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí Beaulieu, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, tẹ́ ò bọ́ ẹ̀wù òtútù yín, ẹ̀yin gan-an lẹ lòkú yìí. Ẹ kú ọ̀fọ̀.

Èmi ni Marlys Engebretson, tí mo ń bójú tó ilé aláìnílé ńlá tó wà lórí òkè. Ọdún méjìlélógún ni mo fi bá Roland ṣọ̀rẹ́. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀. Màá sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò ní dùn lẹ́nu mi.

Roland ti se oúnjẹ nínú ọkọ̀ ojú omi kó tó ra ilé àtijọ́ kan, tó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́kànlá síbẹ̀ fáwọn tí kò nílé. Lọ́dọọdún, ìjọba àpapọ̀ máa ń ní kí gbogbo àwa tí à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí wá du owó kan náà. Ìgbìmọ̀ ìlú á fún wa ní máàkì bí ọmọ iléèwé, á sì tò wá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kẹ́yìn, owó rẹ̀ lọ nìyẹn. Egungun kan, ajá mẹ́fà. Èyí tó sì ń gba máàkì jù ni iye èèyàn tó tètè tọ̀dọ̀ rẹ jáde lọ sílé tara wọn.

Mo mọ ọgbọ́n ẹ̀ dáa. Ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rà, ẹni tí ọtí ò jẹ́ kó gbádùn, mi ò gbà wọ́n mọ́, torí wọn ò ní tètè lọ. Màá ní, "Ẹ má bínú, ibí ti kún. Ẹ lọ bá Roland." Roland á sì gbà wọ́n. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Àwọn tí mo lé, Roland ló gbà wọ́n. Máàkì tèmi ń gòkè, tirẹ̀ ń já wálẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá a ní ilé ìdáná rẹ̀. Mo ní, "Roland, Emmett ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbí. Kọ ọ́ sínú ìwé ìgbìmọ̀ pé ó ti kó lọ sílé tirẹ̀. Ta ló máa wá wò ó?"

Kò gbójú sókè nínú àlùbọ́sà tó ń gé. "Emmett ló máa wò ó. Ó mọ̀wé kà."

"Wọ́n á gbowó lọ́wọ́ ẹ, olórí kunkun."

"Kí wọ́n gbà á. Níbo lo fẹ́ kí n lé e lọ, kí ìwé lè dáa? Ọ̀dọ̀ rẹ?"



Nígbà tí orúkọ jáde, èmi ni mo ṣe ìkíní, Roland ló kẹ́yìn. Owó tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, mo sì fi gba akọ̀wé kan tó mọ ìwé ìtọrọ owó kọ síṣẹ́. Ilé Roland tì. Àwọn ọkùnrin rẹ̀ fọ́n ká sábẹ́ afárá. Òun, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ tọ̀ wọ́n lọ lójoojúmọ́. Ní ọjọ́rú tó kọjá, lójú ọ̀nà ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ dá dúró.

Ẹ má sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè gan-an ló fọ́. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ tẹ́ ẹ wà níbí, iye tó jáde lẹ bi wá. Ẹ ò bi wá léèrè ẹni tá ò jẹ́ kó wọlé.

Lánàá, mo lọ bẹ Emmett lábẹ́ afárá kó wá gba bẹ́ẹ̀dì lọ́dọ̀ mi. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ ti lé mi nígbà kan. Ẹ ṣeun." Ó wá ní kí n bá òun jíṣẹ́ fún Roland pé òun ti ríbi sùn. Irọ́ ni, gbogbo wa la mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rán níṣẹ́ kì í yí i padà.

Roland Beaulieu, ó dìgbà. Kí yìnyín má mú ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ lọ́nà. Emmett ní òun ti ríbi sùn. Máa lọ.