Èmi Ni Mo Gé Họ́ọ̀sì Náà

Ọ̀rọ̀ yìí ti jókòó sí mi láyà fún oṣù mẹ́rin, ó tó gẹ́ẹ́ kó jáde. Kì í ṣe eku ló gé họ́ọ̀sì ẹ̀rọ tí a fi ń mú aṣọ gbẹ ní ilé ìfọṣọ àbúrò ìyá mi. Kì í sì í ṣe Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni kò so ó dáadáa. Èmi ni. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ gé e, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì sì jó èèyàn.

Ọmọ ogún ọdún ni mí. Ọ̀dọ̀ Àǹtí, àbúrò ìyá mi yìí, ni mo ń gbé tí mo sì ń ṣiṣẹ́. Yàrá mẹ́ta ni ilé ìfọṣọ náà: a ń gba aṣọ ní iwájú, a ń fọ̀ ọ́ ní àárín, ẹ̀yìn sì ni diráyà, ẹ̀rọ tó ń mú aṣọ gbẹ, wà, níbi tí Ìyá Àgbà ti ń lọṣọ. Ìyá Àgbà kì í ṣe ẹbí wa, ọjọ́ orí ni a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fi àlùmọ́gàjí gé àmì tí a so mọ́ aṣọ oníbàárà kúrò, kí n sì máa kó òwú wínníwínní tó bá kún inú ajọ̀ diráyà dànù. Họ́ọ̀sì wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà. Ó ń dán bí fàdákà, ó nípọn tó itan ọmọdé, ó sì ń nà, ó ń sún bí ekòló. Òun ló ń gbé ooru àti òwú gba ihò ara ògiri jáde síta. Bó bá ya, yàrá á gbóná, òwú á sì máa kó jọ sẹ́yìn ẹ̀rọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó ya, kò sí ọwọ́ mi níbẹ̀, ó ti gbó ni. Àǹtí pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan, ọkùnrin tí kì í pariwo, tí kì í ju irinṣẹ́ sílẹ̀ gbàgà. Ìyá Àgbà ló sọ ọ́ ní Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó dojú bolẹ̀ sẹ́yìn diráyà, ó ní, "Àbúrò, bá mi di irin yìí mú." Mo dì í mú. Ìka wa kan ara wọn. Òun ń wá súkúrù, èmi ń wá ọkọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Láti ọmọ ọdún méjìlá ni mo ti ń ka àwọn ìwé ìfẹ́ pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn, nínú gbogbo wọn, nǹkan kan gbọ́dọ̀ bàjẹ́ kí olólùfẹ́ tó yọjú. Táyà á jò, tàbí bàtà á já, tàbí kí òjò ká àwọn méjèèjì mọ́ abẹ́ òrùlé kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, họ́ọ̀sì tí Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ so kò ṣe nǹkan kan. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ jù. Ni mo bá rákò lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, mo fi àlùmọ́gàjí là á ní ìwọ̀n ìka kan.

Ó wá lọ́jọ́ kejì. Ó wo ojú ibi tó ya. Àǹtí ní, "Kí ló ṣe é?" Ó wo àlùmọ́gàjí tó rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn, ó wò mí, ó ní, "Ó jọ pé eku ni, Mà."

Ìyá Àgbà ní, "Eku wo? Eku tó fi oúnjẹ sílẹ̀ tó ń jẹ irin? A jẹ́ pé eku ilé yìí ti kàwé nìyẹn."

Nígbà tó ń lọ, ó rọra sọ fún mi pé, "Àbúrò, eyín eku kì í gé nǹkan gbọọrọ báyìí. Jọ̀ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Òwú yẹn kò yàtọ̀ sí bẹntiróòlù." Ìkìlọ̀ ni. Èmi òmùgọ̀, mo gbé e lọ sórí ibùsùn, mo ń yí i sọ́tùn-ún, mo ń yí i sósì: ó bo àṣírí mi, a jẹ́ pé ó fẹ́ràn mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo tún gé e, èyí sì gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èmi fúnra mi ni mo pè é lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé. Ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun, ó di Ọjọ́bọ̀. Ó ní, "Ẹ pa ẹ̀rọ náà o." Mi ò pa á. Bí mo bá pa á, Àǹtí á béèrè ìdí, á sì pe oníṣẹ́ mìíràn tó sún mọ́ tòsí. Sẹlotéèpù ni mo fi wé e, mo sì panu mọ́. Ooru yọ́ téèpù náà kí ọjọ́ tó ṣú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni òwú fi ń dà sẹ́yìn ẹ̀rọ.

Ọ̀sán Ọjọ́rú, à ń mú táwẹ́ẹ̀lì ilé ìtura kan gbẹ. Mo wà níwájú dígí, mò ń dán àtíkè wò nítorí ọ̀la. Mo gbọ́ igbe Ìyá Àgbà: "Iná! Iná o!" Kí n tó débẹ̀, ó ti na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn ẹ̀rọ, ó ti fa wáyà yọ lára ògiri. Ọwọ́ náà ló wà láàárín iná. Àǹtí da omi lé iná náà, ó kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí Ìyá Àgbà fi ń lọṣọ ti bó.

Bọ̀dá Jẹ́jẹ́ dé lọ́jọ́ kejì bó ṣe ṣèlérí. Àǹtí kò jẹ́ kó sọ àpò irinṣẹ́ kalẹ̀. "Irú iṣẹ́ wo lo ṣe níbí? Họ́ọ̀sì tí o so lẹ́nu ọ̀sẹ̀ méjì!"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú èyí tó ṣẹ́ kù nínú họ́ọ̀sì náà. "Mà, ẹnìkan ló gé e. Ẹ wo téèpù lára rẹ̀."

Àǹtí yíjú sí mi. "Ṣé o mọ nǹkan kan nípa èyí?"

Ibí yìí ni mo ti ṣe èyí tó burú jù. Mo ní, "Rárá, Àǹtí. Òun ló fi téèpù wé e lọ́jọ́ tó wá. Ìṣojú mi ló ṣe é."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa, Àbúrò." Kò sọ pé èmi ni mo pe òun lọ́jọ́ Ajé, ó yí padà tòun tàpò rẹ̀, ó lọ. Ìṣojú mi ni Àǹtí ti ń pe àwọn onílé ìfọṣọ àti onílé ìtura tó mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin yẹn, díẹ̀ ló kù kó pa wá." Kí oṣù tó parí, kò sẹ́ni tó ń gbé iṣẹ́ fún un mọ́.

Èmi ni mò ń wé ọwọ́ Ìyá Àgbà láràárọ̀. Bí mo bá ti ń wé e, á máa gbàdúrà: "Ọlọ́run, ẹni tó sun mí lọ́wọ́, má jẹ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ ríṣẹ́ ṣe." Èmi á ní àmín. Nígbà mìíràn, á ní, "Ṣe àmín yẹn kó dún, àbí ẹnu ń dùn ọ́ ni?" Èmi á ṣe é kó dún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo gbọ́ pé ọmọkùnrin yẹn ti ta irinṣẹ́ rẹ̀. Àdúrà wa ń gbà!"

Bándéèjì bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo ké sí Àǹtí, mo jẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì.

Àǹtí kò nà mí. Ó gbé fóònù, ó pe Bọ̀dá Jẹ́jẹ́, ó tan sípíkà rẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́, ó sì ń bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Ìyá náà ńkọ́? Ṣé ìka wọn ti ń ká?" Kò dárúkọ mi. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ òsì ni Ìyá Àgbà fi ń wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹnìkan bá wù yín, ẹ sọ fún un. Bó bá kọ̀, ojú á tì yín. Ojú títì kì í bó èèyàn lára.

Ẹ̀yin tí Àǹtí pè lórí fóònù nígbà náà, irọ́ mi ni ẹ gbọ́. Iṣẹ́ ọkùnrin náà mọ́, ẹnu rẹ̀ náà sì mọ́. Mò ń tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é padà ná, kí ẹ tó dárí jì mí.